Fíláàṣì kan fún gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà: bí a ṣe ń fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ sí ilé ìwé tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára

Ẹ̀yin tíṣà tí ọ̀gá kàn pè lọ́jọ́ kan, tó ní "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà wa," ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ní agbègbè Àbújá níbí, láti Kubwa dé Nyanya, láti Lugbe títí wọ Mararaba, ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ni kò ní olùkọ́ kọ̀ǹpútà gan-an. Olùkọ́ ìṣirò tàbí ti físíìsì ló ń fi iṣẹ́ náà kún tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bíi mẹ́wàá sí ogún ló máa ń wà nínú yàrá náà. Windows 10 ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù, Windows 7 wà lórí àwọn arúgbó inú wọn. Office tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan fi kíráàkì ṣí, tó ń yọ ìkìlọ̀ síta lójoojúmọ́ pé a kò tíì sanwó òun. Íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá tilẹ̀ wà, inú fóònù ẹnì kan ni wọ́n ti ń pín in.

Bẹ́ẹ̀, JAMB, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari nítòsí wa níbí, ti gbé gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ọmọ tí kò bá di máòsì mú títí tó fi dé SS3 yóò máa wá bọ́tìnnì kiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè.

Sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú iṣẹ́ yìí le. Bí a ṣe ń ṣe é ló le: à ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, à ń dáúnlóòdù ohun kan náà ní àdáúnlóòdùtún lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé kí ẹ dáúnlóòdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì kan, kí ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kan, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fíláàṣì náà yí yàrá po.

Ṣé òfin gbà á?

Ó gbà á, òun gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣeé ṣe. Sọ́fítíwíà open-source ni èyí tí àwọn tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀ síta gbangba, tí wọ́n sì fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò ó, láti dà á kọ àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ẹ lè fi LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Word àti Excel, sórí ogún kọ̀ǹpútà tàbí igba, kí ẹ tún fún àwọn ọmọ lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín léèrè. LibreOffice ya kúrò lára OpenOffice.org ní 2010, àjọ tó ń bójú tó o, The Document Foundation, wà ní Berlin ní Jámánì. Kì í ṣe ọjà ìdánwò tó máa ní kẹ́ ẹ sanwó bó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kàn má ṣe rò pé gbogbo ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. WinRAR tí a fi ń tú fáìlì zip, tó wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa, ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi í dán wa wò, wọ́n sì ń retí owó lẹ́yìn rẹ̀. 7-Zip ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ mú máákà àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 3 títí lọ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ Pause, tàbí kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ "This PC" kí ẹ sì yan "Properties". Nǹkan mẹ́ta lẹ máa kọ sílẹ̀ níbẹ̀: Windows wo ni, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) tó mélòó, ṣé 32-bit ni àbí 64-bit. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí "This PC" kí ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù lórí dráìfù C.

Iṣẹ́ yìí lè dà bí àfikún wàhálà, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa dáúnlóòdù. LibreOffice nílò àyè bíi 1.5 GB. Láti ẹ̀yà 25.8 tó jáde ní 2025, kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Windows 7 àti Windows 8. Bí àwọn arúgbó bá pọ̀ nínú yàrá yín, ẹ ó nílò ẹ̀yà àtijọ́ kan, èyí tó wà ní downloadarchive.documentfoundation.org. Bí 32-bit bá wà nínú wọn, fáìlì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti 64-bit. Ẹni tí kò bá kọ èyí sílẹ̀ yóò dé ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú fáìlì tí ìdajì yàrá kò ní gbà.

Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò ju 2 GB lọ, ẹ fi àmì sí i lọ́tọ̀. Mo máa padà sórí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà bọ́sà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí bọ́sà bá ní fáìlì Excel tó fi ń ṣírò owó ilé ìwé, tí ẹnì kan ti kọ mákírò (àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́) sínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí mákírò náà má ṣiṣẹ́ dáadáa nínú Calc, tó jẹ́ ti LibreOffice dípò Excel. Ọjọ́ tí owó ilé ìwé bá dàrú, ẹ̀yin àti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yín ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ìwọ̀nba

Èmi kì í fi ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Tíṣà tó bá kó ogún sọ́fítíwíà síbẹ̀ kò ní kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀kankan.

Fún pírámárì, GCompris àti Tux Paint ti tó. Ọmọ Faransé kan, Bruno Coudoin, ló bẹ̀rẹ̀ GCompris ní 2000. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún, eré inú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún: ìṣirò, lẹ́tà, àwòrán ilẹ̀, bí a ṣe ń lo máòsì àti kíbọ́ọ̀dù. Tux Paint, tó jáde ní 2002, wà fún yíyàwòrán. Ẹ má fojú di í: ọmọ tó ti fi máòsì ya ilé àti igi, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀ kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ A, B, C, D nínú ìdánwò.

Fún sẹ́kọ́ńdírì, LibreOffice ni ti ìwé kíkọ àti ìṣirò orí tábìlì, VLC ni ti fídíò ẹ̀kọ́, Kiwix sì ni ti ìwádìí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àyè bá wà, Kolibri, tí àwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, náà dára, ṣùgbọ́n ìṣètò tirẹ̀ gùn díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dáúnlóòdù láti orísun

Ẹ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, tàbí kẹ́ ẹ ra dátà òru kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá sùn. Fáìlì LibreOffice fún Windows ju 300 MB lọ. Àwọn ìkànnì tó tọ́ nìyí:

libreoffice.org
gcompris.net
tuxpaint.org
videolan.org fún VLC
kiwix.org
learningequality.org fún Kolibri

Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà sókè níbi tí a ń kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá gba orí Google, ìpolówó ló sábà máa ń ṣáájú, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń gbé bọ́tìnnì "Download" aláwọ̀ ewé ńlá kan síwájú yín tí kò kan ohun tẹ́ ẹ ń wá. CD tí wọ́n kọ "500 softwares" sí lára, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Fún LibreOffice, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .msi ni kí ẹ mú, torí òun la máa lò nínú ìgbésẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà.

Nígbà tí fáìlì bá dé, ẹ wò ó bóyá ó pé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń já, fáìlì tó já láàárín lè wà níbẹ̀ kó máa jọ èyí tó pé. LibreOffice kọ àmì SHA256 fáìlì kọ̀ọ̀kan sí ìkànnì rẹ̀, ìlà gígùn lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ ṣí fódà tí fáìlì yín wà, ẹ tẹ cmd síbi àdírẹ́sì òkè fódà náà, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá kọ:

certutil -hashfile lo.msi SHA256

Orúkọ tí fáìlì tiyín ń jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dípò lo.msi. Ìlà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ìkànnì mu. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti mẹ́jọ ìkẹyìn bá bára mu, fáìlì yín pé. Bí kò bá bára mu, ẹ dáúnlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fíláàṣì náà

Ẹ ra fíláàṣì 32 GB tàbí 64 GB tuntun, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: wọ́n á kọ 64 GB sí i lára, Windows náà á sọ pé 64 GB ni, ṣùgbọ́n ohun tó lè gbà kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kì í hàn títí ẹ ó fi kó nǹkan kún un, tí àwọn fáìlì tó kẹ́yìn á sì bàjẹ́. Ohun èlò kékeré kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa kọ nǹkan kún fíláàṣì náà, á tún kà á padà, á sì sọ ohun tí fíláàṣì náà gbà ní tòótọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ bá ẹni tó tà á fún yín ṣe àdéhùn pé ẹ ó dá a padà bó bá jẹ́ ayédèrú, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ kan náà.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Format", kí ẹ mú exFAT. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ, àwọn fáìlì Kiwix mìíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ wá ṣe fódà kan, kí ẹ kó àwọn fáìlì sí i, kí ẹ gé orúkọ wọn kúrú: lo.msi, vlc.exe, gcompris.exe, tuxpaint.exe. Bí ẹ bá ní 32-bit àti 64-bit pa pọ̀, ẹ ṣe fódà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kòkòrò inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé ni ibùgbé wọn, pàápàá èyí tó máa ń sọ gbogbo fódà di "shortcut". Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ṣiṣẹ́. Èkíní, ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fódà náà sílé lórí láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ fọ fíláàṣì náà mọ́ kí ẹ sì tún un kó nígbàkigbà tó bá ti ilé ìwé dé. Èkejì ni pé kí ẹ lo káàdì SD ńlá pẹ̀lú ohun tí a ń fi kà á, dípò fíláàṣì. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà. Bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn ohun tí a ń fi ka káàdì kò ní jẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sí i mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ̀ǹpútà kan ṣáájú

Bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bu ú fún àlejò, ẹ mú kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ sì mú èyí tó burú jù. Bó bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó máa ṣiṣẹ́ lórí àwọn yòókù.

Ẹ fi LibreOffice sí i. Ẹ wá ṣí ìbéèrè ìdánwò táàmù tó kọjá tí wọ́n fi Word kọ, kí ẹ sì wò ó dáadáa: tábìlì, ìlà, àmì ìṣirò, nọ́ńbà ìbéèrè. Ìwé tó rọrùn máa ń ṣí láìsí ìyọnu. Ibi tí nǹkan ti máa ń yẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi títẹ spacebar to lẹ́sẹẹsẹ dípò tábìlì, àti àwòrán tí wọ́n gbé síbi tó wù wọ́n. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yí padà níbí, torí òun ló ń jẹ́ kí àwọn tíṣà mìíràn kórìíra LibreOffice. Bí a kò bá sọ fún un, .odt ló máa fi tọ́jú ìwé, ẹni tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀ ẹ́ jáde á sì padà wálé pẹ̀lú ìbínú. Ẹ lọ sí "Tools", "Options", "Load/Save", "General". Nísàlẹ̀ níbi "Always save as", ẹ yan Word. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Calc náà, kó jẹ́ Excel. Fún ohunkóhun tó bá ń lọ síbi ìtẹ̀wé, PDF ló dára jù: "File", "Export As", "Export as PDF". Kò síbi tó máa gbé e lọ tí ìlà rẹ̀ á yẹ̀.

Ẹ pe olùkọ́ kan tí kì í fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ìyá tó ń kọ́ pírámárì 4 bí àpẹẹrẹ. Ẹ ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìbéèrè márùn-ún síbí." Ẹ jókòó, ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dúró tí wọ́n ń wo yín ni ibi tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé ìlànà tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí kọ̀ǹpútà máa dá ṣe é

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dán mọ́rán lórí kọ̀ǹpútà kan, kò sí ìdí tí ẹ fi máa tẹ "Next, Next, Next" lórí mọ́kàndínlógún yòókù. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ èyí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí:

@echo off
msiexec /i "%~dp0lo.msi" /qb /norestart
"%~dp0vlc.exe" /S
net user akeko /add
pause

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ yan "All Files" ní "Save as type", kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní fisii.bat, kí ó sì wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú àwọn fáìlì tó kù.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe, kẹ́ ẹ má baà máa lo ohun tẹ́ ò mọ̀dí. %~dp0 ń sọ fún Windows pé "inú fódà tí èmi gan-an wà", nítorí náà kò kàn án bóyá fíláàṣì ń jẹ́ D, E tàbí F. /qb ní kí LibreOffice fi ara rẹ̀ sí i láìbéèrè nǹkan kan, kó kàn máa fi ibi tó dé hàn. /norestart kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú kó tún tan láìròtẹ́lẹ̀. /S ti VLC, lẹ́tà ńlá ni, ó ní kó ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́. Ìlà kẹrin ń dá àkáǹtì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí kò lágbára láti yọ nǹkan kúrò tàbí láti fi eré bọ́ọ̀lù sí i. Ti ìgbẹ̀yìn ń dá ojú dúdú náà dúró kẹ́ ẹ lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fisii.bat, kí ẹ yan "Run as administrator". Ìyẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ráyè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní fíláàṣì mẹ́ta tí wọ́n rí bákan náà, kọ̀ǹpútà mẹ́ta lẹ lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

GCompris àti Tux Paint, ọwọ́ ni mo máa ń fi tẹ̀ wọ́n, kò gba àkókò. Bí Windows bá yọ àpótí aláwọ̀ búlúù kan jáde pé òun dáàbò bò yín, tó sì dá yín lójú pé ìkànnì gidi lẹ ti mú fáìlì náà, ẹ tẹ "More info", lẹ́yìn náà "Run anyway".

Ẹ wá fi páásíwọ́ọ̀dù sí àkáǹtì tó jẹ́ ti ọ̀gá kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ máa gba àkáǹtì akeko wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí kò sí àwáwí, ẹ yọ Office kíráàkì yẹn kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí Windows Defender yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà náà wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kíráàkì wọ̀nyẹn ló máa ń ní kí a pa ààbò kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹ rí i dájú pé ó ti padà tàn.

Ilé ìkàwé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì

Kiwix kò nílò kí a fi í sórí Windows rárá. Ẹ tú zip rẹ̀ sí fódà kan, ó parí. Ohun tó wúwo ni àwọn fáìlì ẹ̀kọ́ tó ń kà, tí orúkọ wọn ń parí sí .zim. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì odindi pẹ̀lú àwòrán ju 100 GB lọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn èyí tí wọ́n gé kúrú wà, tí wọ́n mú àwọn àkòrí kan nìkan. Wikipedia Yorùbá náà wà, ó sì kéré gan-an. Èyí tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti mú ṣáájú ni ti PhET, àwọn ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ṣe. Ilé ìwé tí kò ní ilé ìdánwò sáyẹ́ǹsì lè fi í so wáyà mọ́ bátìrì, kó pọ ásíìdì, kó jù nǹkan sókè kó sì wo bó ṣe bọ́, lójú kọ̀ǹpútà nìkan.

Kolibri yàtọ̀ ní ti pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ máa fi í sí, àwọn tó kù á sì máa kà á láti ara rẹ̀. Ẹ nílò ráútà kan, kò ní kó ní dátà. Ẹ so gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Lórí kọ̀ǹpútà tí Kolibri wà, ẹ kọ ipconfig sínú cmd kí ẹ lè mọ nọ́ńbà rẹ̀, bíi 192.168.0.2. Lórí àwọn yòókù, ẹ ṣí Firefox tàbí Chrome, kí ẹ kọ http://192.168.0.2:8080 sí i. Bí Windows bá béèrè bóyá kí òun gba Kolibri láyè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ tẹ "Allow access". Bí ẹ bá kọ̀ fún un, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò ní rí i. Fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ náà lè wọ̀ ọ́. Ẹ lè yí ojú rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Hausa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà aláìlera

Àwọn tẹ́ ẹ fi àmì sí lọ́tọ̀ ńkọ́? Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa kò sì lè gbé Windows 11. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows fúnra rẹ̀, ní ẹ̀yà Xfce, lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 2 GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 GB ló ń mú un rọrùn. Ó nílò ó kéré tán 20 GB lórí díìsìkì. LibreOffice àti Firefox ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá.

Ẹ dáúnlóòdù ISO rẹ̀ (fáìlì kan tó kó odindi Mint sínú) ní linuxmint.com, kí ẹ fi Rufus, ohun èlò kékeré ọ̀fẹ́ kan, kọ ọ́ sórí fíláàṣì mìíràn. Ẹ ki í bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan án, kí ẹ sì máa tẹ F12 lórí Dell tàbí Lenovo, F9 lórí HP, kí ẹ yan fíláàṣì náà. Mint á ṣí láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ dán ohùn, kíbọ́ọ̀dù àti Wi-Fi wò níbẹ̀. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó gbogbo fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà síta ṣáájú, torí "Erase disk" tẹ́ ẹ máa yàn máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kò sì sí àbámọ̀ tó lè dá a padà. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí UPS tàbí jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ìlà kan ṣoṣo tó fún ti pírámárì:

sudo apt install gcompris-qt tuxpaint

Olùkọ́ Yorùbá ilé ìwé yín máa gbádùn Mint, torí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nigeria. Ti Igbo àti ti Hausa pẹ̀lú ɓ, ɗ àti ƙ rẹ̀ wà níbẹ̀ náà, kí Màálàm má baà ní Yorùbá nìkan lẹ ṣe é fún.

Ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín

Ní ìhà àríwá níbí, kọ́pà ló máa ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Bó bá ti pé ọdún, ó ti lọ, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù sì bá a lọ. Torí náà, ẹ kọ ìwé kan tó máa wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá: nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀yà LibreOffice, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sí i, páásíwọ́ọ̀dù inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, ibi tí fíláàṣì wà. Ọlidé táàmù ni kẹ́ ẹ máa fi dáúnlóòdù ẹ̀yà tuntun, kì í ṣe àárín táàmù tí ìdánwò ti sún mọ́lé. Kí ẹ tó kúrò, ẹ mú ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ gbé fíláàṣì fún un, kó fi gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan lójú yín, kí ẹ̀yin káwọ́ yín sẹ́yìn.